Ọpẹ́ Kékeré Kì í Ṣe Ọpẹ́ Ọ̀lẹ

Ẹ̀kọ́ kan wà tí kò sí nínú ìwé ètò ẹ̀kọ́ kankan, tí a kò sì gba olùkọ́ kankan síṣẹ́ láti kọ́ ọ, síbẹ̀ òun ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ń mọ̀ dunjú ju ìṣirò àti ìtàn lọ. Ẹ̀kọ́ náà ni pé ayé kò tíì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n a máa sọ fún ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pé inú rẹ̀ yóò dùn nígbà tí ó bá wọ ilé-ìwé gíga. Nígbà tí ó bá débẹ̀, wọ́n á ní kí ó dúró de yunifásítì. Nígbà tí ó bá gboyè tán, wọ́n á ní ó di ìgbà tí ó bá ríṣẹ́, tí ó bá kọ́lé, tí ó bá ra ọkọ̀, tàbí tí ó bá rí ìwé ìrìnnà gbà sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Kánádà. Báyìí ni ènìyàn ṣe ń ti ayọ̀ síwájú bí ẹni tí ń lé òjìji ara rẹ̀, títí ọjọ́ orí yóò fi lọ, tí kò sì ní rí ọjọ́ kan ṣoṣo tí ó jókòó ti ohun tí ó wà níwájú rẹ̀, kí ó sì wí pé èyí dára, ọpẹ́ ni.

Àṣìṣe ńlá ni ẹ̀kọ́ yìí, àwọn olùkọ́ sì wà lára àwọn tí ń tàn án kálẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ní kí ọmọ má lépa ohun ńlá. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ adùn ẹ̀kọ gbígbóná ní òwúrọ̀ ọyẹ́, ta ni yóò fi dá wa lójú pé yóò mọ adùn àsè ọba? Ìmoore dà bí àdá: èyí tí a kì í pọ́n kì í mú ní ọjọ́ tí iṣẹ́ bá dé. Ẹni tí ó bá ń dúró de oore ńlá kí ó tó dúpẹ́, nígbà tí oore ńlá náà bá dé, yóò bá a lọ́wọ́ òfo, nítorí kò fi oore kékeré kọ́ ọkàn rẹ̀ rí.

Ohun kékeré tí ọ̀rọ̀ yìí ń tọ́ka sí kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni. Òórùn ilẹ̀ ni nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá kọ́kọ́ kàn án. Àgbàdo tuntun ni, tí a sun tí a fi àgbọn jẹ. Omi tútù inú àmù ni, lẹ́yìn ìrìn ọ̀nà jíjìn. Ọmọ ni, tí ó sáré pàdé ìyá rẹ̀ láti gba ẹrù orí rẹ̀. Iná mọ̀nàmọ́ná ni, tí ó dé lójijì ní alẹ́, tí àwọn ọmọdé àdúgbò sì hó yèè, tí wọ́n ń ké "Up NEPA!" Láti ọdún 2005 ni ilé-iṣẹ́ tí ń jẹ́ orúkọ yẹn kò ti sí mọ́, ṣùgbọ́n ariwo ayọ̀ náà kò parẹ́. Kò sí olùkọ́ tí ó kọ́ àwọn ọmọ náà ní igbe yẹn. Ọmọdé ni ó mọ̀ fúnra rẹ̀ pé ohun rere tí ó dé yẹ kí a kí i káàbọ̀. Àgbà ni ó ń kọ́ ọ láti gbàgbé.

Èdè Yorùbá kò gbàgbé ní tirẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí àwọn baba ńlá Yorùbá ṣe ń ka ohun kékeré sí ohun ńlá, kí ó tẹ́tí sí bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn. Ẹ kú òjò, ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ooru. Ẹ kú ìdúró, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìsinmi. Ẹni tí ń gba atẹ́gùn lábẹ́ igi níwájú ilé rẹ̀ ní ìkíni tirẹ̀: ẹ kú afẹ́. Ẹni tí a bá nídìí oúnjẹ yóò sọ fún ẹni tí ó wọlé pé ó bá òun re, ẹni tí ó wọlé náà yóò sì gbàdúrà pé kí oúnjẹ náà gba ibi ire. Ẹni tí ó bá ń dirun yóò gbọ́ "Ojú gbooro o," yóò sì dáhùn pé "Òòyà á yà." Aláró yóò gbọ́ "Àrẹ̀dú o", àgbẹ̀ yóò gbọ́ "Àroko bọ́dún dé o." Kò sí iṣẹ́ tí ó kéré jù, kò sì sí ìgbádùn tí ó rọrùn jù, tí èdè náà kò fi ní ọ̀rọ̀ tí a ó fi dá a mọ̀.

Kí ni ìkíni wọ̀nyí ń ṣe? Wọ́n ń béèrè pé kí ènìyàn kọ́kọ́ wo ẹlòmíràn kí ó tó la ẹnu. Ẹni tí kò bá wò ó bí obìnrin náà ṣe ń dirun tàbí ó ń jẹun, kò lè mọ èyí tí yóò kí i. Nítorí náà ìkíni Yorùbá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ojú ni ó kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́, ẹnu ni ó ń tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ gan-an ni ìfẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìfẹ́ kò ju kí a rí ẹlòmíràn ní ipò tí ó wà, kí a sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé a rí òun.

Ìtàn kan wà tí ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí. Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú ní ọdún 1807, ọkọ̀ ogun wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn ọkọ̀ ẹrú lọ́nà lórí òkun, wọ́n sì ń kó àwọn tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ lọ sí Freetown ní Sàró. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá. Samuel Àjàyí Crowther, tí a gbà sílẹ̀ ní ọdún 1822, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò ní ilé, wọn kò ní oko, wọn kò ní ẹbí lọ́dọ̀. Aṣọ ara wọn pàápàá kì í ṣe tiwọn. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́, ní ẹnu iṣẹ́ àti ní ọjà, wọ́n ń kí ara wọn pé ẹ kú èyí, ẹ kú tọ̀hún. Àwọn ẹ̀yà mìíràn tí ó wà ní ìlú náà gbọ́ ọ títí, wọ́n sì fi ìkíni náà sọ wọ́n lórúkọ: wọ́n pè wọ́n ní Akú. Orúkọ náà wà nínú ìwé ńlá tí S. W. Koelle tẹ̀ jáde lórí àwọn èdè Áfíríkà ní ọdún 1854, a sì ń gbọ́ ọ ní Sàró àti ní Gáḿbíà títí di òní. Àwọn tí a gba ohun gbogbo lọ́wọ́ wọn kò jẹ́ kí a gba ìkíni lẹ́nu wọn. Ǹjẹ́ kò yẹ kí ojú ti àwọn tí ó ní ilé tí ó sì ní oko, tí wọ́n ń ju ohun kan náà nù lọ́fẹ̀ẹ́?

Kì í sì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó ni irú ọrọ̀ yìí. Hausa a máa kí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ pé "Sannu da aiki," a sì máa kí ẹni tí ó dé pé "Sannu da zuwa." Ìgbò a máa béèrè ní òwúrọ̀ pé "Ị bọọla chi?", bí ẹni pé mímọ́ tí ilẹ̀ mọ́ bá ènìyàn láyé tó ohun tí a ń béèrè. Ní ilẹ̀ Ẹ̀dó, ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ìkíni òwúrọ̀ tirẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè ti ẹnu ọmọ mọ ilé tí ó ti wá. Olùkọ́ tí ń ka ọ̀rọ̀ yìí ní Sókótó, ní Ẹnúgu tàbí ní Bìní kò nílò láti yá ohunkóhun lọ́wọ́ Yorùbá. Kí ó wo inú àpò ara rẹ̀ nìkan.

Ohun mìíràn tún wà nínú àṣà Yorùbá tí ó ga ju èyí lọ. Oore òní kì í tán lónìí. Ẹni tí ó jẹun nílé aládùúgbò lánàá yóò tún padà lọ ní òwúrọ̀ láti sọ pé, "Ẹ ṣeun àná." Òbí tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kí ọmọ gbàgbé, yóò bi í pé, "Ṣé o ti lọ kí wọn fún ti àná?" Àwọn àgbà sì wí pé bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, yóò rí òmíràn gbà. Àwọn ènìyàn kan ka òwe yìí sí ọgbọ́n àtigba nǹkan. Wọn kò gbọ́ ọ yé. Ẹni tí ó bá rántí oore àná ti gba òmíràn ná, nítorí ó ti jẹ adùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Kí wá ni ilé-ìwé ṣe sí ogún yìí? Ẹ wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ bí àlejò bá wọ iyàrá ẹ̀kọ́. Gbogbo ọmọ yóò dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọn yóò fi ohùn orin ka ìkíni àkọ́sórí kan lédè Gẹ̀ẹ́sì, wọn yóò sì jókòó. Ojú ọ̀pọ̀ nínú wọn kò kan àlejò náà rárá. Bí àlejò náà ń rẹ́rìn-ín ni, bí ó ń sunkún ni, ìkíni náà kò yí padà. Ìyẹn kì í ṣe ìwà rere. Ìró agogo ni. Ní àwọn ilé-ìwé aládàáni kan ẹ̀wẹ̀, ọmọ tí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ nínú ọgbà ilé-ìwé yóò san owó ìtanràn tàbí kí ó jẹ ìyà. Ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá tí ń gbálẹ̀ láìsọ ohunkóhun, nítorí ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó sọ ti di ẹ̀ṣẹ̀.

Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí a fi máa kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2025, wọ́n fagi lé e. Kí àwọn tí ó bá fẹ́ jiyàn lórí ìyẹn máa jiyàn. Èdè yòówù tí a bá fi kọ́ ìṣirò, kò sí òfin kankan ní Nàìjíríà tí ó ní kí ọmọ má kí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ní "Ẹ kú iṣẹ́."

Àṣà ẹ̀bùn pẹ̀lú ní ẹ̀bi tirẹ̀. Ní ọjọ́ ìfúnni-lẹ́bùn, àwọn mẹ́ta ni a ó pè jáde: ẹni kìn-ín-ní, ẹni kejì, ẹni kẹta. Ọmọ tí ó ti ipò ogójì bọ́ sí ipò ogún yóò jókòó, yóò máa pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ọmọ tí kò lè kàwé ní oṣù kẹsàn-án, tí ó sì ń ka odindi ojú ìwé ní oṣù keje, kò sí ẹni tí yóò kí i kú orí ire. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ ni pé ohun tí kò bá tó kí ayé pàtẹ́wọ́ fún kò tó dúpẹ́ fún. Nígbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá dàgbà, ẹ má ṣe yà á lẹ́nu bí ó bá yáwó ṣe ìdúpẹ́, tí ó ra aṣọ ẹbí, tí ó pe olórin, tí ó fi gbèsè ọdún kan ra ayọ̀ ọjọ́ kan. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ni ó ṣe mọ̀ ọ́n.

Èyí tí ó tún pani lẹ́rìn-ín ni pé àwọn ará òkè òkun ti wá ń fi ìwádìí wá ohun tí àwọn ènìyàn ibí ń sọ nù. Ní ọdún 2003, ọ̀jọ̀gbọ́n méjì ní Amẹ́ríkà, Robert Emmons àti Michael McCullough, tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ọ̀nà mẹ́ta. Ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, àwọn kan ń kọ ohun márùn-ún tí wọ́n ń dúpẹ́ lé lórí sílẹ̀, àwọn kan ń kọ ohun márùn-ún tí ó bí wọn nínú, àwọn yòókù sì ń kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wọn. Àwọn tí ń kọ ọpẹ́ sílẹ̀ ni ìgbésí ayé wọn tẹ́ lọ́rùn jù, tí wọ́n sì ní ìrètí jù fún ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Lónìí wọ́n ń ta ìwé tí a ó máa kọ ọpẹ́ sí, àwọn ọmọ ọlọ́lá ní Èkó àti Àbújá sì ń fi owó gidi rà á. Ìmọ̀ràn náà dára. Kò sí ẹni tí yóò bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kí ènìyàn mẹ́wàá pẹ̀lú ojú tí ó ríran kí oòrùn tó mú, ó ti kọ tirẹ̀ tán, kì í sì í ṣe inú ìwé tí òun nìkan ń kà ni ó kọ ọ́ sí, bí kò ṣe ọkàn ọmọ ẹnìkejì rẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé ìkíni ń fi àkókò ṣòfò, àti pé ayé ti yára. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka iye ìṣẹ́jú tí wọ́n ń lò nídìí ẹ̀rọ ìléwọ́ ní òwúrọ̀ kan, kí wọ́n tó wá sọ̀rọ̀ nípa ìṣẹ́jú kan tí a fi kí ènìyàn.

Àtakò kejì lágbára ju èyí lọ, ó sì yẹ kí a dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Àwọn ọlọgbọ́n kan ní bí a bá kọ́ tálákà láti máa dúpẹ́ lórí ẹ̀kọ tútù, kò ní béèrè ẹran mọ́. Pé ọpẹ́ kékeré jẹ́ ìrọ̀rí tí àwọn aláṣẹ ń fi sábẹ́ orí aráàlú kí wọ́n lè sùn fọnfọn. Wọ́n á tún béèrè pé irú ọpẹ́ wo ni kí olùkọ́ máa kọ́ni, nígbà tí ó jẹ́ pé ní ọdún 2015 ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ jẹ àwọn òṣìṣẹ́ lówó oṣù títí ìjọba àpapọ̀ fi ní láti dá sí i, àti nígbà tí owó oṣù tí ó kéré jù, tí òfin sọ di ₦70,000 ní ọdún 2024, kò lè bọ́ ìdílé kan títí oṣù yóò fi parí?

Ìdáhùn wà nínú ìkíni náà fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà tí Yorùbá fi ń sọ pé ẹ kú orí ire ni wọ́n fi ń sọ pé ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ìnira, ẹ kú àsẹ̀yìndè. Èdè náà kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni pé ayé dùn níbi tí ó ti korò. Ojú tí ó rí adùn ni ojú tí ó rí ìkorò, ẹnu kan náà sì ni ó ń jẹ́rìí sí méjèèjì. Ẹni tí kò mọ adùn omi mímọ́ kò ní mọ̀ nígbà tí omi ẹ̀rọ bá dá. Àwọn ọmọ tí ń hó nígbà tí iná bá dé ni wọ́n ń kùn nígbà tí ó bá lọ. Ẹni tí òkùnkùn àti ìmọ́lẹ̀ bá ti di ọ̀kan náà fún ni aláṣẹ lè tàn jẹ. Nítorí náà kí olùkọ́ béèrè owó rẹ̀ pẹ̀lú ohùn gooro, kí ó sì kí ọmọ tí ó bá a ru ìwé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan náà. Ọ̀kan kò dí èkejì lọ́wọ́.

Ọpẹ́ tí ó ń pa ẹnu mọ́ ni ọpẹ́ tí a ń dú fún olówó nítorí àǹfààní, tí a ń dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí ó fi owó ìlú gbẹ́ kànga, tí ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i lára. Ìpọ́nni ni ìyẹn. Ọpẹ́ kékeré kò ní olówó kankan nínú. Ta ni ènìyàn fẹ́ pọ́n nígbà tí ó dúpẹ́ pé òjò rọ̀? Èrè wo ni ó ń wá lọ́wọ́ ìyá tí ń ta àkàrà nígbà tí ó kí i kú ìdáná?

Iṣẹ́ tí ó kù fún olùkọ́ kò gba owó, kò sì gba àṣẹ láti òkè. Kí ó jẹ́ kí ọmọ kan, lójoojúmọ́, lọ kí ẹni kan tí iṣẹ́ rẹ̀ mú kí ọjọ́ náà ṣeé ṣe: ẹni tí ń gbálẹ̀, ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ìyá olóúnjẹ, kí ó sì kí i ní ìkíni tí ó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu, ní èdè tí ẹni náà gbọ́. Níbi tí àwọn ọmọ bá ti wá láti oríṣiríṣi ẹ̀yà, kí kálukú kọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìkíni ilé tirẹ̀. Nígbà tí ó bá fẹ́ fún wọn ní àròkọ, kí ó má jẹ́ pé ọjọ́ ńlá tí wọn kò lè gbàgbé ni yóò máa béèrè nígbà gbogbo. Kí ó ní kí wọ́n kọ nípa ohun kékeré kan tí ó dùn mọ́ wọn lánàá. Nínú ìwé àbájáde ìdánwò, kí ó wá ohun òtítọ́ kan tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí gbogbo kíláàsì bá yanjú ìṣirò tí ó le tán, kí olùkọ́ fúnra rẹ̀ sọ fún wọn pé, "Ẹ kú iṣẹ́." Kò ní dín iyì rẹ̀ kù. Àgbà tí ń kí ọmọdé ni ọmọdé ń kọ́ ìkíni lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí má kọ́lé aláruru, kí wọ́n má sì rí òkè òkun. Kò sí olùkọ́ tí ó lè ṣèlérí ìyẹn fún wọn láìparọ́. Ṣùgbọ́n òjò yóò rọ̀ fún gbogbo wọn, ilẹ̀ yóò mọ́ bá wọn, ẹnìkan yóò sì máa se oúnjẹ fún wọn tàbí kí wọ́n máa sè é fún ẹlòmíràn. Olùkọ́ tí ó bá kọ́ wọn láti rí ìwọ̀nyí, kí wọ́n sì fi ẹnu ara wọn dúpẹ́, ó ti fún wọn ní ogún tí olè kò lè jí, tí owó tí ó ń wọ́lẹ̀ kò sì lè bàjẹ́. Ilé-ìwé tí kò lè ṣe èyí, ìwé-ẹ̀rí ni ó ń fúnni. Kò tíì kọ́ ẹnikẹ́ni.